Gọ́ọ̀fù ní Bend, Oregon, ní oṣù kẹsàn-án: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Texas la ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà máa pé ọgọ́ta ọdún ní àárín oṣù kẹsàn-án. Ó ní òun ò fẹ́ pátí, òun ò fẹ́ aṣọ ẹbí, gọ́ọ̀fù ni òun fẹ́. Kì í ṣe Florida, kì í ṣe Arizona. Ó rí fọ́tò pápá kan tí òkè olórí funfun dúró sẹ́yìn rẹ̀, ló bá ní ibẹ̀ ni. Bend ní Oregon ni ibẹ̀. Àwa mẹ́jọ la ń lọ: mẹ́fà ń gbá gọ́ọ̀fù, ìyàwó méjì kì í gbá a. Ọjọ́ márùn-ún la ní. Ètò tí mo ti ṣe ni pé ká gbá pápá méje, ká máa sùn sí Bend, ká máa wakọ̀ lọ wakọ̀ bọ̀. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Handicap wa (bó bá ṣe kéré tó ni ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó) bẹ̀rẹ̀ láti 9, ó parí sí 31. Ẹ má bèèrè ẹni tó ni 31.

PápáGbẹ:
Pápá méje ní ọjọ́ márùn-ún kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n á pẹ́ fún wa o, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ètò yìí.

Portland ni mò ń gbé, ọdọọdún ni mo sì ń lọ sí Bend. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí fọ́tò kì í sọ ọ́ tán. Oregon olójò tí gbogbo èèyàn mọ̀, apá kan lásán nìyẹn. Òkè Cascade dúró láàárín ìpínlẹ̀ náà bí ògiri. Ìkùukùu tó bá ń bọ̀ láti òkun, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Èyí tó ń kù fún Bend kò ju bí íǹṣì 11 tàbí 12 lọ lọ́dún. Aṣálẹ̀ orí òkè ni. Bend wà ní nǹkan bí 3,600 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun, Sunriver, ibùdó ìsinmi tó wà nítòsí rẹ̀, ti sún mọ́ 4,200.

Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ eérú àti òkúta dúdú tí òkè oníná pọ̀ jáde láyé àtijọ́. Igi juniper àti igbó sagebrush ló ń hù fúnra wọn. Bí kì í bá ṣe omi tí wọ́n ń fọ́n, ẹ ò ní rí koríko tútù kan. Nítorí náà, ibi tí pápá bá parí sí, ó parí náà ni. Kò sí pé ẹ ń wá bọ́ọ̀lù nínú koríko gíga. Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, mo rí tèmi níbi tó jókòó sí láàárín òkúta méjì, mo ní n ó gbá a jáde. Irin 7 mi (ọ̀pá gọ́ọ̀fù olórí irin) ba òkúta, ó dún bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu ọkọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà lójú irin náà títí dòní. Bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò tíì rí i. Bó bá ti wọ òkúta, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ ju òmíràn sílẹ̀. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ inú àlàfo òkúta rárá: ejò kan wà níbẹ̀ tó ń mi ìrù bí ẹni mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Nípa ọ̀nà: US 97 ló là á já láti àríwá sí gúúsù. Ẹ ó kọ́kọ́ kan Redmond, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà. Bend jẹ́ bí máìlì 17 sí i, Sunriver bí máìlì 15 sí Bend. Sisters àti Black Butte Ranch, níbi tí pápá mìíràn wà, wà ní ọ̀nà US 20, apá ibòmíràn pátápátá. Ẹ fi agbègbè pín ọjọ́ yín. Ẹni tó bá gbá Sunriver láàárọ̀ tó tún fẹ́ gbá Black Butte lọ́sàn-án, inú ọkọ̀ ló máa ti ṣe ọjọ́ ìbí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí ẹ gbá. Ìkarùn-ún wà fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ṣì gbé e.

AgbáriWúrà:
PápáGbẹ ti sọ̀rọ̀ àgbà. Mo kàn fẹ́ bá a jiyàn lórí ibùsùn, torí mo mọ̀ pé á ní kí wọ́n lọ sùn sí Sunriver.

PápáGbẹ:
Sunriver ni mo fẹ́ sọ lóòótọ́ 😂

AgbáriWúrà:
Ẹ wò ó! Bend ni kí ẹ sùn. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ọ̀dà òpópónà dára, alẹ́ ibẹ̀ lárinrin. Ní Sunriver, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àgbọ̀nrín lẹ ó máa kí.

PápáGbẹ:
Àwọn mẹ́jọ, àgbà ọgọ́ta ọdún wà láàárín wọn, ìyàwó méjì kì í gbá gọ́ọ̀fù. Alẹ́ tó lárinrin wo ni wọ́n ń wá? Ilé kan tó ní yàrá márùn-ún àti ibi ìdáná ló yẹ wọ́n, kí wọ́n se ọbẹ̀ wọn. Àti pé Crosswater, ẹni tó bá sùn ní Sunriver Resort tàbí ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà láyè láti gbá a. Bí Crosswater bá wà nínú ètò, ọ̀rọ̀ ibùsùn ti parí.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Crosswater gan-an ni pápá inú fọ́tò! Ṣé ilé aládàáni tí a bá yá ní Sunriver náà wọ̀ ọ́?

PápáGbẹ:
Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó sanwó. Kì í ṣe gbogbo ilé tó wà ní Sunriver ló wà lábẹ́ Resort. Ẹnì kan tí mo mọ̀ yá ilé dáadáa, ó dé ẹnu ọ̀nà pápá, wọ́n ní ilé tó wà kò bá wọn ṣe. Ìta ló ti ń wo òkè.

ÌyáÌbejì_Bowie:
Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ni irú ìyàwó tí kì í gbá a yẹn, mo ti bá ọkọ mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, torí náà mo ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ máa ń ṣètò tiyín tán kí ẹ tó rántí pé a wà nínú ọkọ̀.

Sunriver ni mo fara mọ́. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ lé ní máìlì 30, ó tẹ́jú, ọ̀nà ọkọ̀ kì í gba àárín rẹ̀. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Iléṣà, mo gun ún níbẹ̀. High Desert Museum wà láàárín Bend àti Sunriver, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta. Lava River Cave náà wà nítòsí: ihò abẹ́ ilẹ̀ tí iná òkè là bí ẹni la páìpù, ó gùn tó máìlì kan. Ẹ gbé súẹ́tà lọ, torí inú rẹ̀ tutù bíi fíríìjì bí oòrùn tilẹ̀ ń mú lókè. Ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ilé ìtajà Blockbuster tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé wà ní Bend. Mo ra fáǹlà wọn fún àwọn ọmọ mi, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò jẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan tiyín. Ẹ má gbà kí gbogbo ọkọ̀ bá wọn lọ sí pápá. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n ń lò, wọ́n á ní mẹ́rin.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Mà á, mo ti gbọ́. Ọkọ̀ méjì.

PápáGbẹ:
Ọkọ̀ méjì náà ni, kì í ṣe torí ìyàwó nìkan. Èèyàn mẹ́jọ pẹ̀lú àpò gọ́ọ̀fù mẹ́fà àti báàgì aṣọ kò lè wọ inú váànù kan. Mo ti rí ẹni tó gbé àpò sórí ẹsẹ̀ láti Redmond dé Sunriver.

Agbábọ́ọ̀lù_Ìkòyí:
Èmi ń wòye láti Èkó níbí. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù ń fò jù lórí òkè? Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní òun fi driver (ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù) gbá a dé yáàdì 300 níbẹ̀, mo mọ̀ pé kì í gbá 220 ní Ìkòyí.

IrinMéje:
Irọ́ náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkè kàn fún un láyè ni. Ìṣirò tí a ń lò ni pé 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ń fi ìdá kan lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Bend jẹ́ bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún, Sunriver bíi 5. Èyí tó ń lọ yáàdì 150 nílé á lọ 156, 157. Ìdajì irin ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tó kúrò ní 220 dé 300, ó ti dé ọ̀run.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ará Texas. Ooru yín náà ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò, ẹ kàn ti mọ́ ọn lára ni. Láàárọ̀ oṣù kẹsàn-án ní Sunriver, tí òtútù bá wọ bọ́ọ̀lù àti egungun yín, èrè òkè yẹn lè tán pátápátá, ẹ tiẹ̀ lè kúrú. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ti mú, á padà wá. Nítorí náà ìṣirò méjì lẹ ó lò lọ́jọ́ kan ṣoṣo: láti ihò 1 dé bíi 6, ẹ mú irin tí ẹ mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹ kó bọ́ọ̀lù kan sápò ṣòkòtò kó máa gbóná, kí ẹ máa fi méjì gba ara wọn pààrọ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan.

Òkè náà tún ń tan ojú jẹ. Gbogbo nǹkan ń dà bíi pé ó sún mọ́, torí afẹ́fẹ́ mọ́ kedere. Ẹ gbà rangefinder (ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn) gbọ́, ẹ má gba ojú gbọ́.

AgbáriWúrà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrì dídì, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi. Oṣù kẹsàn-án ni àwa náà lọ. A gba aago 7:40 torí mo fẹ́ ká parí kí oòrùn tó mú. Ọpọlọ Atlanta ni mo fi rò ó. A débẹ̀, pápá funfun báláú bí ẹni da gàrí sí i. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó wa ní kí a máa mu kọfí. A mu kọfí. 8:20, a tún mu kọfí. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa tí kò ní sùúrù fẹ́ lọ gbìyànjú gíríìnì (koríko gígé kúkúrú tí ihò wà lórí rẹ̀) ìdánrawò, wọ́n sáré dá a padà: bí èèyàn bá tẹ koríko tó dì, ewé rẹ̀ á fọ́, àtẹ̀lẹ́sẹ̀ á sì dúdú síbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. 9:15 ni wọ́n tó tú wa sílẹ̀. Kó tó di aago kan ọ̀sán, mo ti bọ́ súẹ́tà, mo ti bọ́ fẹ́ẹ̀sì, mo ń wá ibòji.

Nítorí náà 10:00 sí 10:30 ni kí ẹ gbà ní oṣù kẹsàn-án. Oòrùn kì í wọ̀ títí bíi aago méje lé díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ sì wọ aṣọ bí àlùbọ́sà, ìpele lórí ìpele, kí ẹ lè máa bọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì_Tacoma:
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀ sí i, ẹ má bínú bí mo bá gùn.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́ Ìlọrin. Òógùn yín á máa gbẹ kí ẹ tó rí i, ẹ ó rò pé ẹ ò làágùn. Ẹ máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń múni tọ̀, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Bíà lẹ́yìn ihò 9 kì í ṣe omi, ẹ̀yin ọkùnrin. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, orí lè máa fọ́ àwọn kan díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ SS tàbí SC, mo bẹ̀ yín, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Òtútù, àìmu omi tó, àti òkè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fa ìrora, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà níbẹ̀ ní àárọ̀ kan náà. Ká má sọ pé a dé ibi ayọ̀ ká wá sùn sí ọsibítù.

Oòrùn òkè ń jó awọ dúdú náà. Ẹ lo ìpara oòrùn. Fún ètè àti ọwọ́, òrí ni mo gbé lọ, ògidì òrí láti ilé, ó sì dára ju gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù pápá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó di driver mú. Ọkọ mi ò nu tiẹ̀. Driver ló fò jù bọ́ọ̀lù lọ.

IrinMéje:
😂😂 Ẹ bá wa kí ọkọ yín.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ SC ní tòótọ́, mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ó kù kí ẹ bá mi yan pápá. Mo ti dín méje kù sí márùn-ún.

PápáGbẹ:
Mẹ́rin 😀

Ọjọ́ tí ẹ bá dé: Juniper ní Redmond. Ti ìlú ni, ó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú, kò gbówó lórí. Bí ara bá rẹ̀ yín, ẹ fagi lé e, kò sí ìrora.

Tetherow ní ẹ̀gbẹ́ Bend: David McLay Kidd, ọmọ Scotland tó ṣe pápá Bandon Dunes, ló yà á. Ó ṣí ní 2008. Koríko fescue ni, ilẹ̀ rẹ̀ le, bọ́ọ̀lù ń sáré nílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nílé ìwé. Ẹ má gbá a sókè, ẹ yí i nílẹ̀. Ẹni tó ti gbá lórí brown (gíríìnì oníyanrìn) nílé láyé ọjọ́un, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, inú rẹ̀ á dùn. Ẹni 31 yẹn, ẹ fún un ní bọ́ọ̀lù méjìlá.

Crosswater, ó ṣí ní 1995, Bob Cupp àti John Fought ló yà á. Odò Deschutes àti Little Deschutes ń yí i ká, ẹ ó máa gbá kọjá omi títí yóò fi sú yín. Àwọn àgbà òjẹ̀ gbá ìdíje The Tradition níbẹ̀ láti 2007 dé 2010. Ihò 12 gùn tó yáàdì 687 láti ẹ̀yìn. Ẹ má lọ sí ẹ̀yìn! Owó rẹ̀ máa ń lé ní 200 dọ́là nígbà ooru. Ọjọ́ ìbí gan-an ni kí ẹ gbá a.

Ìkẹrin, ẹ yan láàárín Juniper Preserve, tí wọ́n ń pè ní Pronghorn tẹ́lẹ̀, àti Meadows tàbí Woodlands ní Sunriver. Juniper Preserve ní pápá méjì, Nicklaus àti Fazio. Ihò 8 ti Fazio kọjá kòtò òkúta jíjìn, ihò abẹ́ ilẹ̀ sì là sábẹ́ rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí àlejò tí kò sùn síbẹ̀ gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni, bí owó bá fẹ́ há, Meadow Lakes wà ní Prineville. Ìlú ló ṣe pápá yẹn kí wọ́n lè rí ibi lo omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́. Koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ má kàn ro ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gún gíríìnì níhò (kí koríko lè mí, wọ́n á sì da ìyanrìn sí i). Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń parí lọ ni wọ́n sábà ń gún un. Wọ́n kì í sọ bí ẹ ò bá bèèrè, owó kan náà ni wọ́n á sì gbà. Mo san owó kíkún níbì kan, a fi ìyanrìn ṣe gọ́ọ̀fù.

Ọkọ_Olóyè:
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ewúrẹ́?

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Ewúrẹ́ kẹ̀?

Ọkọ_Olóyè:
Silvies Valley Ranch, ní apá ìlà oòrùn, bíi wákàtí mẹ́ta láti Bend. Wọ́n ní pápá kékeré oníhò méje kan, McVeigh's Gauntlet, tí ewúrẹ́ ti ń ṣe kádì. Wọ́n gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù lé e lẹ́yìn, ẹ ó máa fún un ní ẹ̀pà. Pápá ńlá ibẹ̀ náà ya ni lẹ́nu: Hankins àti Craddock, ilẹ̀ kan náà ni, lónìí ẹ gbá a lọ, lọ́la ẹ gbá a bọ̀. Dan Hixson ló yà á.

IrinMéje:
Ewúrẹ́ ń gbẹ́rù, a ń fún un lẹ́pà, a tún ń sanwó. Bí mo bá sọ èyí fún ìyá mi, á ní kí n padà wálé.

PápáGbẹ:
Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Kò wọ inú ọjọ́ márùn-ún yìí. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún ẹ̀gbọ́n.

ÌyáÌbejì_Bowie:
Ẹ má gbàgbé èéfín o. Oṣù kẹjọ sí kẹsàn-án ni iná igbó ń jó ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ọdún tí a lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ méjì la ò rí òkè kankan, oòrùn pupa bí epo. Ẹ máa wo AirNow (ìkànnì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó) láràárọ̀, ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n máa dá owó padà bí èéfín bá pọ̀. Àwọn kan á dá a padà, àwọn kan á ní ẹ máa gbá a bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ òfurufú kan (mi ò dárúkọ) tún gbé wa dé láìgbé àpò gọ́ọ̀fù ọkọ mi dé. Ọjọ́ kejì ló dé. Bàtà gọ́ọ̀fù àti gílọ́ọ̀fù, ẹ gbé wọn lọ́wọ́. Ọ̀pá ṣeé yá, bàtà ẹlòmíràn ò ṣeé wọ̀.

Ọkọ_Olóyè:
Ohun kan tí a kì í fẹ́ sọ: ẹ ò ní rí ojú dúdú púpọ̀ níbẹ̀. Oregon fi sínú òfin nígbà kan pé kí dúdú má gbé níbẹ̀, 1926 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Èmi ò rí àbùkù kankan o, wọ́n ṣe wá dáadáa, àwọn kan kàn ń wò wá gùn díẹ̀. Àwa mẹ́fà pẹ̀lú fìlà abetí ajá ní ihò 1, èmi náà ì bá wò.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé. Mo ti pe Sunriver lówùúrọ̀ yìí. Ilé náà wà lábẹ́ Resort, mo gbà á ní àkọsílẹ̀. Ìgbà mẹ́rin la ó gbá: Juniper ọjọ́ tí a dé, Tetherow, Crosswater lọ́jọ́ ìbí ní 10:20, Woodlands. Ọjọ́ karùn-ún ti di ti àwọn ìyàwó, ọkọ̀ méjèèjì ni wọ́n gbà. Wọn ò tíì ní gún gíríìnì nígbà tí a bá lọ, mo bèèrè. Òrí ti wà nínú báàgì.

Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ ti ewúrẹ́ o. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ní kí n ṣí ètò náà padà.

PápáGbẹ:
Ẹ má ṣí i.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Katy:
Ó ti ń bèèrè irú ẹ̀pà tí wọ́n ń jẹ.